Bí Àga Àtijọ́ Ṣe Ń Di Àrà Nínú Pálọ̀

Ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Adó-Èkìtì ló jọra: kúṣìn aláwọ̀ kọfí, kọ́tìnnì tó bá a mu, ògiri kírímù. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àfi pé kò sí ohun kan tó ń dá ojú dúró. Àga kan ṣoṣo tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tó ń tàn yòò lè ṣe iṣẹ́ yìí, owó rẹ̀ kò sì tó ti kúṣìn tuntun.

Yinka Ilori, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1987, ti fi ọ̀nà yìí gba orúkọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àga táwọn èèyàn jù nù ló ń kó, yóò tú wọn, yóò fi ẹsẹ̀ eléyìí mọ́ ẹ̀yìn tọ̀hún, á wá kùn ún. Òwe táwọn òbí rẹ̀ máa ń pa ló fi ń sọ ìtàn àga náà.

Èkìtì ti mọ irú ẹ̀ tipẹ́. Olówè ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Lára òpó kan, olorì tó dúró lẹ́yìn ọba tóbi ju ọba fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ère ara ilẹ̀kùn náà yọ síta bí ẹni fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó sì fi ọ̀dà kùn wọ́n. Ilẹ̀kùn ọ̀hún ti wà ní British Museum láti 1924. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni bá ní àrà nínú ilé kì í ṣe àṣà wa, ẹ fi òpó yẹn hàn án.

Oríkèé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àga tó ń mì kò ṣeé kùn. Káfíńtà yóò fa oríkèé yọ, yóò ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá, torí gọ́ọ̀mù tuntun kì í di orí ti àtijọ́ mú. Ó máa ń gé tíúbù ọ̀kadà láti fi dì í pinpin di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni sáńpépà yóò pa dídán fáníìṣì rẹ́, kí ọ̀dà lè rí ibi dì mú. Ìgbà ọyẹ́ kò dára fún iṣẹ́ yìí ní gbangba: eruku á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Láàárín òjò ńkọ́? Ọ̀dà kì í tètè gbẹ.

Níbi yíyan àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀nà. Àwọ̀ mẹ́ta tó, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ dọ́gba: ọ̀kan gba ara àga, ìkejì gba ẹ̀yìn, ìkẹta kàn kan etí àti ìdí ẹsẹ̀, bí obìnrin ṣe ń fi gèlè tó yàtọ̀ gbé aṣọ yọ. Tí píǹkì àti àwọ̀ ewé bá fẹ́ kan ara wọn, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn yóò jẹ́ kí ojú sinmi. Kí wọ́n dán ọ̀dà wò lára pákó kékeré lọ́sàn-án, kí wọ́n tún wò ó lálẹ́: lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè, búlúù á ṣú, yẹ́lò á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi funfun. Ẹsẹ̀ funfun kò yẹ ilé tí eruku pupa ń wọ̀; láàárín oṣù kan, yóò ti pọ́n.

Àǹkárá nìkan fẹ́lẹ́ jù fún ibi ìjókòó. Wọ́n ń fi aṣọ kíki tẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Àdìrẹ ní tirẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aró á ran ṣòkòtò àlejò.

Ọ̀dà olóòróró lè gbẹ lójú lọ́jọ́ kejì, inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó jókòó.