Báwo ni Kánò ṣe padà gba àjẹsára rọpárọsẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Lọ́dún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè Ọya dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró, Kánò ló sì ta kú jù nínú wọn. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé àbáláyé rọpárọsẹ̀, ìyẹn èyí tí kò ti ara àjẹsára jáde, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì kẹ́yìn níbẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí ènìyàn máa ń bi ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí.

Kí ni wọ́n ní ó wà nínú àjẹsára náà?

Wọ́n ní ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn, pé àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ fi dín Mùsùlùmí kù. Àwọn mìíràn ní kòkòrò éèdì ló wà nínú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà gbógun wọ Ìráàkì, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà rí ilẹ̀ hù. Ẹ má sì rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ló gbé e kiri: dókítà ìṣègùn òyìnbó wà lára àwọn aṣáájú tó ta kò ó, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Kánò sì ní àwọn rí ipasẹ̀ họ́mọ̀nù obìnrin nínú rẹ̀.

Ṣé àìmọ̀kan ni gbogbo rẹ̀ wá jẹ́?

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1996, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn yírunyírun ń pa ọmọ ní Kánò, ilé-iṣẹ́ apoògùn Amẹ́ríkà kan, Pfizer, wá dán oògùn tuntun kan, Trovan, wò lára àwọn ọmọdé. Nínú nǹkan bí 200 ọmọ tó wà nínú ìdánwò náà, 11 kú. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Pfizer àti ìjọba Kánò tó fohùn ṣọ̀kan lọ́dún 2009 lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni. Àlàyé lórí bí àjẹsára ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lè dáhùn ìyẹn, nítorí ìbéèrè tó wà lọ́kàn àwọn ará Kánò ni pé ta ni ẹ, kí ló sì mú ẹ wá?

Ibà ló ń pa ọmọ jù. Kí ló dé tó jẹ́ pé ti rọpárọsẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá sílé lọ́fẹ̀ẹ́, léraléra?

Ìbéèrè gidi nìyí, títí kan ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Nínú nǹkan bí 200 ènìyàn tí kòkòrò rọpárọsẹ̀ bá wọ̀ lára, ẹnì kan péré ló máa rọ lẹ́sẹ̀ tàbí lápá. Àwọn yòókù kì í mọ̀ pé ó wà lára àwọn, wọ́n á sì máa yà á jáde nínú ìgbẹ́. Bí a bá dúró dìgbà tí a bá rí arọ, kòkòrò ti tàn kọjá ibẹ̀. Ní ti léraléra, inú ọmọ tó ń gbuuru tàbí tó kún fún kòkòrò mìíràn kì í jẹ́ kí ẹ̀kán kan tàbí méjì tó. Àlàyé yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìyá tí ibà ń bá ọmọ rẹ̀ jà kò rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀.

Kí ló wá là á lọ́dún 2004?

Wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń ṣiyèméjì fojú ara wọn rí i. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, àwọn aṣáájú Mùsùlùmí àti àwọn aṣojú ìjọba jọ jáde lọ sí Gúúsù Áfíríkà, Íńdíà àti Indonesia láti wo bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ìkẹyìn, Kánò gba èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ní ìparí oṣù Keje ni iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, gómìnà Ibrahim Shekarau sì jẹ́ kí wọ́n kán an sẹ́nu ọmọ tirẹ̀ ní gbangba. Nígbà yẹn, kòkòrò náà ti gba òkè Ọya dé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ti sí mọ́.

Ṣé ó parí síbẹ̀?

Kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Lọ́dún 2008, ọmọ 798 ni rọpárọsẹ̀ mú ní Nàìjíríà. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tó kẹ́sẹ járí gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà ni. Lọ́dún 2009, Sultan Sokoto, Muhammadu Sa'ad Abubakar, àti àwọn ọba òkè Ọya gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ìlera alábọ́dé. Iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn hakimi (olórí àgbègbè), ó kan dagaci (olórí abúlé), ó kan mai-unguwa (olórí àdúgbò), tó mọ ilé tí ọmọ tuntun wà. Láti 2012, UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin láti máa bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ lórí àjẹsára náà ládùúgbò ara wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ló wà tí ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ wọ̀. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti sọ di arọ ní Kánò náà jáde, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ wà dé ẹnu ọ̀nà àwọn òbí tó kọ̀. Kí ni òbí fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn lé lórí?

Àwọn tó ń ṣe ètò náà sì gbọ́ ti àwọn òbí tí ibà ń dà láàmú. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbé oògùn ibà àti ọṣẹ pọ̀ mọ́ àjẹsára náà. Lójú tèmi, ìyẹn ju ìkéde orí rédíò ẹgbẹ̀rún lọ.

Iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí o. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, àwọn agbébọn yìnbọn pa àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ àjẹsára yìí ní Kánò.

Kí ló kan Èkó nínú rẹ̀?

Nígbà tí arìnrìn-àjò kan gbé Ebola wọ Èkó lóṣù Keje ọdún 2014, àwọn tó ti ń ṣe ètò rọpárọsẹ̀ ni ìjọba kó wá. Wọ́n ń tọ àwọn 894 tó ti súnmọ́ aláìsàn lọ sílé, nǹkan bí ìgbà 18,500 lápapọ̀. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà ní gbogbo Nàìjíríà, 8 kú, ó sì tán lóṣù Kẹwàá.

Bó bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń kanlẹ̀kùn?

Ẹ̀yà mìíràn wà tó ti ara àjẹsára fúnra rẹ̀ jáde. Kòkòrò tí wọ́n ti sọ di ọ̀lẹ ló wà nínú èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gbà á, ó lè máa ti inú ọmọ kan bọ́ sínú òmíràn títí yóò fi yí padà, tí yóò sì tún lágbára láti sọ ènìyàn di arọ. Òun ló fà á tí wọ́n fi ṣe àjẹsára nOPV2, tí kì í tètè yí padà bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan kì í fẹ́ sọ èyí fún òbí, kí ẹ̀rù má baà bà wọ́n. Àṣìṣe ni. Bí òbí bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu alátakò, tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, Kánò 2003 ni wọ́n tún ń pè padà.