Owó Ìfẹ̀yìntì Àjọdá: Ta Ni Ewu Rẹ̀ Wà Lọ́rùn?

Ká sọ pé ẹni méjì fẹ̀yìntì lóṣù kan náà. Ọ̀kan jẹ́ akọ̀wé ní Yunifásítì Ìlọrin, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ìkejì jẹ́ tíṣà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òmù-Àrán. Àwọn méjèèjì ló ń retí ohun tí gbogbo wa ń pè ní pẹ́ńṣọ̀n. Ibi tí owó náà ti ń bọ̀ ni kò bára mu, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn lórí àtúntò owó ìfẹ̀yìntì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi tíṣà náà sábẹ́ ètò àtijọ́. Òṣìṣẹ́ kì í dá kọ́bọ̀ sí i. Iye ọdún tó fi sìn àti owó tó ń gbà kẹ́yìn ni wọ́n fi ń ṣírò. Lábẹ́ òfin 1979 ti ìjọba àpapọ̀, ẹni tó bá pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí gírátúítì, ìyẹn owó tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹni tó fẹ̀yìntì, tó jẹ́ owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, àti ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ ₦100,000, gírátúítì rẹ̀ di ₦3,600,000, pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ di ₦80,000 lóṣù. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àpò kankan tí wọ́n ti ń kó owó náà pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí wá. Inú owó tó bá wọlé fún ìjọba lásìkò yẹn ni wọ́n ti ń san án. Bí kò bá tó, àgbàlagbà di ẹni tó ń tò lórí ìlà, kí gírátúítì náà sì tó dé, ọ̀wọ́ngógó ọjà á ti jẹ ẹ́ dé eegun.

Akọ̀wé yunifásítì wà lábẹ́ ètò àjọdá, èyí tí òfin 2004 bẹ̀rẹ̀, tí òfin 2014 sì rọ́pò. Wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lóṣooṣù, ìjọba tó gbà á síṣẹ́ á fi ìdá 10 kún un. Lórí ₦100,000, ₦18,000 ló ń wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ alábòójútó owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń pè ní PFA ló ń fi owó náà ṣòwò, àmọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló mú un lọ́wọ́, kí ẹni tó ń pàṣẹ má bàa tún jẹ́ ẹni tó di àpò mú. PenCom, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, ló ń ṣọ́ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti bá alájọ dá owó rí lọ́jà Ìpàta á mọ̀ ọ́n: ohun tí o dá ni wàá kó. Àmọ́ níbí, kò lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Á mú díẹ̀, ìyókù gbọ́dọ̀ tó máa san lóṣooṣù. Ó lè fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ PFA, kí ohun tó bá ṣẹ́ kù di ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó sì lè gbé e fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí yóò máa san án fún un títí dọjọ́ ikú.

Lójú tèmi, ètò àtijọ́ jẹ́ ìlérí tí kò ní owó nídìí. Ètò tuntun jẹ́ owó tí kò ní ìlérí nídìí. Nínú ti àkọ́kọ́, bí nǹkan bá bàjẹ́, ìjọba ló jẹ gbèsè. Nínú ìkejì, bí náírà bá wó, ẹni tó ni àkáǹtì ló wó mọ́. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá sọ pé kí wọ́n máa ṣàtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì lọ́dún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù bá yí padà, èyí tó bá yá jù. Ìyẹn rọrùn láti béèrè lọ́wọ́ ìjọba ju lọ́wọ́ àkáǹtì lọ. Abájọ tí àwọn ológun fi jáde nínú ètò àjọdá ní 2011, tí àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì sì wọ́de ní Àbújá lóṣù keje 2025 pé kí wọ́n yọ àwọn náà.

Ẹ má sì rò pé àjọdá gba ìjọba lọ́wọ́ gbèsè. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣáájú 2004, ìjọba ló jẹ ẹ́ ní owó àwọn ọdún ìṣáájú yẹn. Gbèsè ọ̀hún pọ̀ débi pé ní 2025, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé owó yíyá, ₦758 bílíọ̀nù nítorí rẹ̀.

Ìbéèrè kan náà, ta ni ewu wà lọ́rùn, wà nínú adójútòfò ìlera, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe àjọ rárá. Owó tí ẹ bá dá síbẹ̀, ẹni tó bá ṣàìsàn ló máa ná an. Bí ara yín bá le lọ́dún yẹn, kò sí owó tó ń padà bọ̀. Tí àwọn tí ara wọn le bá kọ̀ tí wọn ò dá, aláìsàn nìkan ló máa kù, owó ò sì ní ká a. Nítorí ẹ̀ ni òfin 2022, tó fi àjọ adójútòfò ìlera tuntun, NHIA, rọ́pò NHIS àtijọ́, fi sọ ọ́ di dandan. Dandan lórí ìwé o. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba rọrùn, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù. Ti àgbẹ̀ oníṣu ní Ìsánlú-Ìsin ńkọ́? Òfin ìlera 2014 ní kí ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ máa lọ sínú àpò ìlera kan, kí apá kan rẹ̀ sì máa dúró fún irú wọn.

Kwara ti gbìyànjú adójútòfò ìlera ṣáájú òfin ìlera wọ̀nyí. Ní 2007, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní Shonga lábẹ́ àbójútó Hygeia, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera aládàáni: ará abúlé san díẹ̀, owó ìrànwọ́ láti Netherlands gbé èyí tó pọ̀ jù. Ìbéèrè tó wà nídìí irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí yóò gbé ẹrù náà nígbà tí olùrànwọ́ bá padà sílé: ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀, tàbí ẹni tó gbé ọmọ tó ń gbóná lára wá sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé.