Bí Dírágónì Rere Ṣe Lè Ṣiṣẹ́ Nínú Ìtàn Àròsọ Tó Wáyé ní Ìbàdàn

Ohun tí dírágónì kò lè ṣe ni kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ pinnu. Àwọ̀, ìwo àti orúkọ lè dúró ná. Dírágónì burúkú rọrùn: ó jó ilé, ó gbé ọmọ, akọni kan dìde, ó pa á. Ti rere ló níṣẹ́ nínú, nítorí ìbéèrè kan wà tí òǹkàwé kò ní gbàgbé: bó bá lágbára tó báyìí, tó sì fẹ́ràn ìlú, kí ló dé tí ìyà ṣì ń jẹ aráàlú? Inú ara dírágónì fúnra rẹ̀ ni kí ìdáhùn ti wá.

Ẹni tó jẹ́ pé inú Ìfihàn orí 12 nìkan ló ti mọ dírágónì, pupa olórí méje ló mọ̀, ọ̀tá sì ni. Ní Ṣáínà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Dírágónì ló ni òjò níbẹ̀. Ọba dírágónì mẹ́rin ló ń ṣàkóso òkun mẹ́rin, àwọn ni àgbẹ̀ máa ń bẹ̀ nígbà ọ̀dá. Òṣùmàrè tiwa náà, ejò àti òjò ni wọ́n máa ń dárúkọ mọ́ ọn. Fún Ìbàdàn, ìlú olókè tí omi máa ń sáré wálẹ̀, irú èyí tó mọ̀ nípa omi ló bá a mu jù.

Ká wá ṣírò ara rẹ̀. Bí a bá sọ gígùn ẹranko di ìlọ́po méjì, gbogbo ojú ìyẹ́ apá rẹ̀, gígùn àti ìbú pọ̀, á di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni ìyẹ́ ti ń kùnà. Quetzalcoatlus, ẹranko ayé àtijọ́ kan tó ti kú run, wà lára àwọn tó tóbi jù tó tíì fò rí; apá rẹ̀ láti orí kan dé ìkejì tó bíi mítà 10, síbẹ̀ ìwúwo tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà fún un kò ju nǹkan bíi kílò 250 lọ. Akọ màlúù ńlá kan wúwo jù ú. Dírágónì kílò 1,000 tó ń fi apá nìkan fò, àfi kí a fi oògùn sí i. Ó sàn kí ikùn rẹ̀ máa gbé e bíi bàlúùnù.

Mẹ́téènì ni gáàsì tó yẹ fún ikùn náà: ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń jó, ohun tó ń jẹrà ló sì ń mú un jáde. Àpò tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, bí mẹ́téènì bá kún un, ó lè gbé nǹkan bí ìdajì kílò. Kílò 1,000 á wá gba irú àpò bẹ́ẹ̀ 2,000, ìyẹn yàrá tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní 10, tó tún ga ní 10. Ẹranko yìí tóbi, ó sì lọ́ra. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò lè gbá a láti Mọ́kọ́lá dé Mọ́níyà.

Màlúù kan lè tú tó lítà 500 mẹ́téènì jáde lóòjọ́. Bí ikùn dírágónì kò bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ọdún 11 ló máa gbà kó tó kún. Bí a bá jẹ́ kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po 100, ó di ọjọ́ 40. Ogójì ọjọ́ yìí ni kí gbogbo ìtàn rọ̀ mọ́, nítorí pé inú àpò kan náà ni iná ẹnu rẹ̀ àti fífò rẹ̀ ti ń jẹ. Bó bá yọná tán, ilẹ̀ ló kàn.

Iná náà ní òfin tirẹ̀. Mẹ́téènì kì í jó àfi tó bá tó nǹkan bí ìdá 5 sí 15 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú ikùn, nítorí náà kò lè jó níbẹ̀. Ìta ẹnu ni eyín rẹ̀ ti ń ṣáná sí i. Bó bá sùn nínú ihò tí atẹ́gùn kì í fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ló léwu: gáàsì á máa jò díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ìdá 5, fìtílà kan ṣoṣo sì ti tó. Ìdí nìyí tí ibùsùn rẹ̀ fi yẹ kó wà ní gbangba orí òkè, bíi Òkè Ààrẹ, níbi tí ilé ìṣọ́ Bower ti wà láti 1936. Èèwọ̀ iná kì í sì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn, a kì í dáná lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn. Òǹkọ̀wé tó gbọ́n á fi ọjọ́ yẹn ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń tú gáàsì àpọ̀jù kúrò lára rẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo iṣu, tòmátì tó ti rà, ẹ̀fọ́ tí kò tà ní Bódìjà. Ohun tó ń di mẹ́téènì nínú ikùn rẹ̀ náà ló ń dí gọ́tà. Ebi ló ń mú un jẹ ẹ́, èyí kò tíì di oore. Oore bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá yọná nítorí ẹlòmíràn, tó sì mọ̀ pé ogójì ọjọ́ lòun ó fi wọ́lẹ̀.

Náílọ̀n ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Màlúù tó ń jẹ̀ kiri ààtàn, náílọ̀n á dì sínú ikùn rẹ̀, kò ní lè jẹun mọ́, á máa rù. Ti dírágónì burú ju bẹ́ẹ̀: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà á dí ọ̀nà gáàsì, ikùn á wú lápá kan, á máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú òfuurufú. Nítorí náà, àdéhùn ìlú pẹ̀lú rẹ̀ kò ju kí wọ́n ṣa náílọ̀n kúrò. Mọ́gàjí agboolé kọ̀ọ̀kan ló ń dáhùn fún ẹrù tirẹ̀. Ìyá tó ń yẹ ẹrù wò á ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́; ohun tó bá dún pàràpàrà, á fà á jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ pé, “Bàbá, ẹ máa bọ̀, a ti ṣà á.” Ẹ ni wọ́n ń fi bá a sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ rẹ̀.

Ó wá ku omi, ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní dírágónì fa àgbàrá mu. Òjò mílímítà 10 péré, bó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà kan tó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan, lítà mílíọ̀nù 10 ni: táńkà onílítà 10,000, ẹgbẹ̀rún kan. Kò sí ọ̀fun tó gbà á. Kò sì lè kó èèyàn púpọ̀ sá, torí ẹni tó wọn kílò 60 ń fẹ́ àpò gáàsì 120 sí i. Nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, pàǹtí tó dí ojú omi àti ilé tí wọ́n kọ́ sí ọ̀nà rẹ̀ wà lára ohun tó mú un le tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ dírágónì ti gbọ́dọ̀ parí kí òjò tó dé: kó jẹ ohun tó wà lábẹ́ afárá, kó sì fò sókè kó wo ibi tí ìkùukùu ti ń ṣú.

Kí a tó kọ orí kìíní, kàlẹ́ńdà ni ká kọ́kọ́ yà. Ká fi ọjọ́ tó yọná sí i, ká ka ogójì. Bó bá fi iná rẹ̀ gba àdúgbò kan sílẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ni yóò tó lè fò. Òjò ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ á bá a nílẹ̀, ikùn rẹ̀ kò tíì kún.