Etí igi: olú jẹ́lì tó ń gbẹ, tó tún ń jí

Lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì-mẹ́ta, ẹ wo ara igi tó ti wó lulẹ̀ nínú oko kòkó tàbí nínú igbó dáadáa. Ẹ lè rí ohun kan tó so mọ́ ọn bí etí, tó pọ́n rúsúrúsú, tó tutù, tó ń dán. Kò ní ẹsẹ̀ tó fi dúró, kò sì ní agbòòrùn lórí bí àwọn olú tí a mọ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á rọ̀, á sì máa mì. Auricularia ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní etí igi, orúkọ yẹn náà ni màá lò. Ọ̀kan ni lára àwọn olú tí à ń pè ní olú jẹ́lì.

Ọ̀rọ̀ omi ló sọ ọ́ di olú jẹ́lì. Fọ́nrán tín-ín-rín ló para pọ̀ di ara olú èyíkéyìí. Ti etí igi, inú ohun kan tó ń yọ̀ ni àwọn fọ́nrán náà rì sí, oríṣi ṣúgà kan tó so kọ́ra gbọọrọ, tó sì ń fa omi mọ́ra gan-an. Bí oòrùn bá mú, omi á gbẹ lára rẹ̀, á sún kì, á dúdú, á le kóókó, débi pé ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé èèpo igi ni. Kò tíì kú o! Bí òjò bá tún rọ̀, á mu omi yó, á wú padà, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí tú irúgbìn rẹ̀ tó kúnná ju eruku lọ sínú afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ olú ò lè dán irú ẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ti gbẹ, ó ti parí.

Etí tí à ń rí yẹn, èso lásán ni. Inú igi ni olú gan-an wà, níbi tó ti na fọ́nrán kiri, tó ń fọ́ igi tó ti kú sí wẹ́wẹ́ tó sì ń jẹ ẹ́, títí igi á fi jẹrà, tí á sì di fúkẹ́fúkẹ́.

Ẹ má sì rò pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo olú jẹ́lì. Tremella fuciformis, èyí funfun tí wọ́n ń fi ṣe omi ọbẹ̀ aládùn ní Ṣáínà, orí igi náà ló ń hù, àmọ́ olú mìíràn tó ń jẹ igi, Annulohypoxylon archeri, ló fi ń ṣe oúnjẹ. Àwọn tó ń gbìn ín gbọ́dọ̀ gbin méjèèjì pọ̀. Olè ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi owó gidi ra olè náà.

Gbígbẹ tí etí igi ń gbẹ láìbàjẹ́ yìí ló sọ ọ́ di ọjà òkèèrè. Ní nǹkan bí ọdún 1870, oníṣòwò ọmọ Ṣáínà kan, Chew Chong, dé agbègbè Taranaki ní New Zealand, ó sì rí i lára àwọn igi tí àwọn àgbẹ̀ gé lulẹ̀ kí wọ́n lè rí ilẹ̀ da màlúù. Owó ṣòro rí fún àwọn àgbẹ̀ náà. Bọ́tà tí wọ́n bá gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọjà ni wọ́n sábà máa ń fi dípò rẹ̀ fún wọn. Chew Chong ní tirẹ̀ ń sanwó lé wọn lọ́wọ́ fún etí igi. Tìyá tọmọ ló ń já a, wọ́n á sá a, wọ́n á dì í sínú àpò, ó di Ṣáínà. Wọ́n wá ń pè é ní irun àgùntàn Taranaki. Nígbà tó di 1887, Chew Chong dá ilé iṣẹ́ bọ́tà sílẹ̀ ní ìlú Eltham ní Taranaki.

Nínú ìkòkò, etí igi ò ní adùn tirẹ̀ kan tó pọ̀. Bó ṣe ń ta kẹ́kẹ́ lábẹ́ eyín, bí pọ̀nmọ́ tí kò jinná jù, ni wọ́n ń torí ẹ̀ jẹ ẹ́; ata àti iyọ̀ ọbẹ̀ ni yóò gbà wọra. Ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lára èyí tó gbẹ ti tó, torí á wú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún bíi wákàtí kan, ẹ gé ìdí líle tó fi so mọ́ igi dànù, ẹ ṣan iyanrìn ara rẹ̀ kúrò, ẹ sè é jinná.

Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó máa jẹ ẹ́ lájẹyó. Ní 1980, Dale Hammerschmidt, dókítà ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, New England Journal of Medicine, pé etí igi lè dí dídì ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́.

Àmọ́ èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni rírẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì nínú ooru. Kòkòrò àìfojúrí kan, Burkholderia gladioli, lè pọ̀ sí i nínú omi náà, kó sì ṣe májèlé tí wọ́n ń pè ní bongkrekic acid. Kò ní òórùn, kò ní ìtọ́wò, bí ẹ sì sè é títí ilẹ̀ ṣú, iná ò ní pa á. Kì í ṣe olú ló jẹ̀bi o: májèlé yìí kan náà ni wọ́n rí nínú ọtí ìbílẹ̀ tó pa èèyàn 75 níbi ìsìnkú kan ní Mozambique ní oṣù January 2015. Nítorí náà, ìwọ̀n tí ẹ máa sè lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ rẹ. Èyí tí ẹ bá gbàgbé sínú omi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ má sì fún ajá. Ẹ dà á nù tomi-tomi.