Ìbọn ogun àtijọ́: ohun tó ń fi í hàn àti ohun tó ń sọ iye rẹ̀

Ní agboolé ọdẹ ní Ọ̀fà tàbí Ọ̀mù-Àrán, bí wọ́n bá gbé ìbọn baba ńlá jáde, wọ́n á ní ogun Jálumi tàbí Kírìjì ni wọ́n fi jà. Ìtàn náà lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ara irin ni àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ máa ń wò kí wọ́n tó dá owó lé e.

Kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, kó gbà pé ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kì bọ ẹnu ṣakabùlà. Bí kò bá wọlé dé ìdí, nǹkan ń bẹ níbẹ̀, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ sì nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti ń ki ìbọn ló ń sọ púpọ̀. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ṣakabùlà. Snider, ìbọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé ọwọ́ Èkìtìparapọ̀ nígbà Kírìjì, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki í: ìdérí irin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣí sápá ọ̀tún.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àmì. Láti 1813 ni ilé ìdánwò ìbọn ti wà ní Birmingham. Adé àti ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn fi hàn pé wọ́n dán ọ̀pá ìbọn náà wò, kò fi hàn pé ológun ló ni ín. Ọ̀rọ̀ TOWER, orúkọ ilé ìṣúra ohun ìjà ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ń tan ènìyàn jẹ jù: àwọn oníṣòwò náà lù ú sára ìbọn ọjà. Ọfà kékeré ni àmì ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ti Amẹ́ríkà ni ayédèrú pọ̀ sí jù. Winchester 1897 tí wọ́n lò nínú kòtò ogun àgbáyé àkọ́kọ́ kúrú, ó ní àwo irin oníhò lórí ọ̀pá rẹ̀, ó sì ní ibi tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ há. Ẹni tó bá gé ìbọn ọdẹ lásán kúrú lè lu “U.S.”, àmì ohun ìní ìjọba Amẹ́ríkà, sí i. Bí ara irin bá ti gbó tí lẹ́tà náà ṣì mú ṣáṣá, ẹ fura. Nọ́ḿbà tó bára mu lórí apá méjèèjì èyí tó ṣeé tú sí méjì ń gbé owó rẹ̀ sókè.

Sáńpépà ló ń ba ọjà jẹ́ jù lọ. Irin tó ń dán, igi tí wọ́n kùn ní fáníìṣì tuntun, ìdajì owó lè lọ síbẹ̀. Epo díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ti tó.

Lábẹ́ òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959, ṣakabùlà pàápàá nílò ìwé àṣẹ, kí wọ́n tó gbé e lọ han oníbàárà.