Ọ̀rọ̀ Tí A Rò Pé A Mọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ Inú Bíbélì King James

Ìbéèrè: Nínú Máàkù 10:14, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kọ ọ́ pé Jésù wí pé, "Suffer the little children to come unto me." Ṣé Jésù fẹ́ kí àwọn ọmọdé jìyà ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọmọdébìnrin kan béèrè ohun kan náà ní kíláàsì ọjọ́ ìsinmi tí mo jókòó sí nígbà kan. Àwa àgbà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Inú èdè Látìn ni "suffer" ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni kí ènìyàn ti abẹ́ gbé ẹrù. Ẹni tó ru ẹrù ń fara dà á, ẹni tó sì fara da nǹkan kò dí i lọ́wọ́, ó gbà kí ó ṣẹlẹ̀. "Gbà kí" tàbí "jẹ́ kí" yìí ni àwọn atúmọ̀ Bíbélì náà ní lọ́kàn ní 1611. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìtumọ̀ yẹn pátápátá, ìyà nìkan ló kù sí ọ̀rọ̀ náà lára. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá sí ẹsẹ kan náà, ẹ ó rí i pé kò sí ìyà kankan níbẹ̀: "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kékeré kí ó wá sọ́dọ̀ mi, ẹ má sì ṣe dá wọn lẹ́kun."

Ìbéèrè: Kí ló dé tí èdè Bíbélì náà fi jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ?

Ìdáhùn: Ó ti lé ní irinwó ọdún tí ó ti jáde, ṣùgbọ́n kò jẹ́ èdè tuntun ní ọjọ́ tí ó jáde pàápàá. Nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé tí Ọba James bá àwọn aṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ní ààfin Hampton Court ní 1604, wọ́n pàṣẹ fún àwọn atúmọ̀ náà pé kí wọ́n má ṣe yà jìnnà sí Bíbélì tí ṣọ́ọ̀ṣì ń lò tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Májẹ̀mú Tuntun wọn ló ti ọwọ́ William Tyndale wá, ẹni tí wọ́n tẹ ìtumọ̀ tirẹ̀ jáde ní 1526. Lójú tèmi, àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì pátápátá kọ́ ni wàhálà. Bí òǹkàwé bá pàdé "besom", ó mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n, yóò wo ìwé atúmọ̀-èdè, yóò sì rí i pé ìgbálẹ̀ ni. Èyí tí ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tí a mọ̀, tí inú rẹ̀ sì ti yàtọ̀, ni ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ìbéèrè: Èwo nínú wọn ló le jù?

Ìdáhùn: Èmi yóò mú "let". Lónìí, "jẹ́ kí" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2 Tẹsalóníkà 2:7 a ka "he who now letteth will let", ohun tí ó sì ń sọ ni ẹni tí ó ń dènà, tí yóò sì máa dènà. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yí padà sí òdìkejì ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n láyé àtijọ́, ọ̀kan fún ìyọ̀ǹda, èkejì fún ìdènà. Ohùn wọn ni ó di ọ̀kan náà nígbà tó yá, bí ìgbà tí a bá kọ "ogun" láìfi àmì sí i, tí ẹni tí ń kà á kò mọ̀ bóyá ìjà ni, tàbí oògùn, tàbí ohun tí òkú fi sílẹ̀ fún ọmọ. Èyí tó jẹ́ ti ìdènà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Àwọn tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣì bá a ní ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí a ti ní kí a jẹ́ kí onítọ̀hún kọjá "without let or hindrance". Àwọn tí ń gbá tẹ́níìsì náà ń pè é lójoojúmọ́, nígbà tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ́kọ́ gbá bá fara kan àwọ̀n kí ó tó bọ́ síbi tó yẹ, tí wọ́n sì ní láti tún un gbá.

"Prevent" nínú 1 Tẹsalóníkà 4:15 kò jìnnà sí i. Kì í ṣe pé àwọn alààyè kò ní dí àwọn tó ti sùn lọ́wọ́. Wọn kò ní ṣáájú wọn ni, bí Bíbélì Yorùbá ti kọ ọ́. Bí ẹnìkan bá ṣáájú rẹ lójú ọ̀nà tóóró, ó lè dí ọ lọ́nà, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ òde òní sì ti yọ jáde.

Ìbéèrè: Nínú 1 Pétérù 3:1, a ní kí àwọn aya jèrè ọkọ wọn láìsọ̀rọ̀, nípa "conversation" wọn. Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Kò lè rí bẹ́ẹ̀ bí "conversation" bá jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ìwà àti ìṣe ènìyàn láàárín àwọn tí ó ń bá gbé ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí nígbà náà. Bíbélì Yorùbá kọ "ìwà", ọ̀rọ̀ sì parí. Bákan náà ni "meat offering" inú Léfítíkù orí 2, tí kò ní ẹran kankan nínú: ìyẹ̀fun dáradára, òróró àti tùràrí ni a kà sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí oúnjẹ èyíkéyìí ni "meat" nígbà náà. Yorùbá pè é ní ẹbọ ohun jíjẹ. "The quick and the dead" ńkọ́? Alààyè àti òkú ni. Ẹni tó yára kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀wọ̀ ni "thou" àti "thee" tí a fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ló rí. "Thou" ni "ìwọ", "ye" àti "you" sì ni "ẹ̀yin". Gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá kì í ti í pe àgbà ní "o", bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi "you" ti ẹni púpọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnìkan. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ Walter Raleigh, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn, ní Winchester ní 1603, agbẹjọ́rò ìjọba, Edward Coke, bú u pé "I thou thee, thou traitor", ìyẹn ni pé "ìwọ" ni òun yóò máa pè é, torí pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Nígbà tó yá, àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń pe adájọ́ pàápàá ní "thou", inú sì bí àwọn adájọ́ náà gidigidi. Níkẹyìn "ẹ̀yin" ló borí lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, débi pé wọ́n ń sọ ọ́ sí ọmọ ọwọ́ àti ajá. Ohun tí wọ́n pàdánù hàn nínú Jòhánù 3:7, níbi tí Jésù ti bá Nikodémù nìkan sọ̀rọ̀ pẹ̀lú "thee", tí ó sì yí sí "ye" láti kan gbogbo ènìyàn. "You" òde òní bo ìyẹn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ṣì pa á mọ́: "mo wí fún ọ pé, A kò lè ṣe aláìtún yín bí."

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ìgbà ni Bíbélì Yorùbá lè là wá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́?

Ìdáhùn: Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ẹ wo "unicorn" inú Númérì 23:22, ẹranko oníwo kan inú ìtàn, tó dà bí ẹṣin, tí kò sí ẹni tó rí i rí. Bíbélì Yorùbá, tí ó jáde lódindi ní 1884, sọ ọ́ di àgbáǹréré, ẹranko tó wà láyé ní tòótọ́, tó sì ní ìwo lórí imú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà nídìí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ òde òní túmọ̀ sí akọ màlúù inú igbó, èyí tó ní ìwo méjì. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní oníwo kan, àwọn tó wá lẹ́yìn sì tẹ̀lé wọn.