Ṣé dandan ni kéèyàn ra áńtífáírọ́ọ̀sì fún kọ̀ǹpútà ilé?

Ní Under G, nítòsí LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tò lọ bẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú fláàṣì wá, wọ́n á tì í bọ ara kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ á jáde lórí pépà, ó parí. Tí fláàṣì náà bá délé ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo fódà inú rẹ̀ ti di shortcut, àmì tó kàn ń tọ́ka sí nǹkan mìíràn: ọfà kékeré kan wà ní igun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ohun tó kún fọ́fọ́ tẹ́lẹ̀ kò sì ju 1 tàbí 2 KB lọ mọ́. Ẹlòmíì á ti figbe ta pé prójẹ́ẹ̀tì òun ti jóná.

Kò jóná. Fáírọ́ọ̀sì ló fi fódà gangan pamọ́, tó gbé shortcut tó ń jẹ́ orúkọ kan náà síwájú. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti gba fáírọ́ọ̀sì láyè láti ṣiṣẹ́ ná, lẹ́yìn náà ni fódà á wá ṣí, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Fláàṣì yòówù tó bá tún kan kọ̀ǹpútà yẹn, ó ti kó o nìyẹn. Tí wọ́n bá ṣí Command Prompt, ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, lórí fláàṣì náà, tí wọ́n sì tẹ attrib -h -r -s /s /d, àwọn fódà á yọjú padà. Fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o.

Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń gbà èèyàn nímọ̀ràn pé kó lọ ra áńtífáírọ́ọ̀sì, ìyẹn ètò tó ń mú fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń lo Windows nílé kò nílò rẹ̀. Láti ìgbà Windows 8, lọ́dún 2012, ni Microsoft ti ń fi áńtífáírọ́ọ̀sì tirẹ̀, Defender, sínú Windows láìgba kọ́bọ̀ lé e. Ní AV-TEST, ilé iṣẹ́ tó ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò ní Jámánì, Defender ti gba máàkì 18 nínú 18 lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ló wá dé tí fáírọ́ọ̀sì fi ń wọlé?

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Láyé àtijọ́, tí wọ́n bá rí gọ̀ǹbọ́ tàbí àbàjà lójú èèyàn, wọ́n á ti mọ ibi tó ti wá kó tó lanu. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti mú rí náà ní ilà. Microsoft ń kọ ilà gbogbo wọn jọ, Defender sì ń gba àkọsílẹ̀ tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe fáírọ́ọ̀sì lè yí díẹ̀ padà lára rẹ̀, ilà á sì yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí Defender fi ń wo ìwà pẹ̀lú. Ohun tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi fódà pamọ́, tàbí tó ń ti fáìlì onífáìlì pa níkọ̀ọ̀kan, kò nílà lójú o, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ti tú àṣírí rẹ̀. Èyí tó bá sì rú Defender lójú, á béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdáhùn kì í sábà pẹ́.

Méjì nínú mẹ́ta yìí, íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e. Ẹni tó ń fi hotspot fóònù ṣiṣẹ́ sì ń ṣọ́ dátà lójú méjèèjì, ló bá pa update. Àkọsílẹ̀ tó ti pé oṣù mẹ́ta kò lè mọ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe lánàá. Tó bá sì jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń gbà á, àfikún náà kéré; èyí tí wọ́n jẹ́ kó pẹ́ ló ń jẹ dátà.

Kráàkì, ètò tí wọ́n fi ń ṣí ètò olówó láìsanwó, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n fi kráàkì ṣí Windows tàbí Office rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa Defender kí kráàkì tó lè wọlé, tàbí kí wọ́n kọ gbogbo C:, ibi tí Windows fúnra rẹ̀ wà, sí abẹ́ Exclusions, ìyẹn ni pé kí ọdẹ má yẹ ibẹ̀ wò láéláé. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ lọ sí Virus & threat protection. Real-time protection gbọ́dọ̀ wà ní On, kò sì yẹ kí nǹkan kan tí ẹ kò mọ̀ wà ní Exclusions. Tí áńtífáírọ́ọ̀sì oṣù kan tó bá láptọ́ọ̀pù wá bá sì ti parí, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Defender máa ń yẹra fún ẹlòmíì tó bá bá a nílé. Tí onítọ̀hún bá lọ, á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kí wá ni owó ń rà? VPN (ètò tó ń bo ìrìn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ibi ìfipásíwọ̀ọ̀dù sí, ìṣọ́ ọmọdé, ẹni tí wọ́n lè pè tí nǹkan bá yiwọ́. Ẹni tó nílò wọn lè rà á. Ọ̀fẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀fẹ́: ní 2024, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ní kí Avast, ọ̀kan nínú wọn, san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là torí pé wọ́n ta àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn oníbàárà wọn ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Windows 10 ló gba ìṣọ́ra báyìí. Microsoft dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní October 14, 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Defender ṣì ń gba ilà tuntun. Àbùkù inú Windows tí àtúnṣe ń dí dà bí ihò ara ògiri, ó yàtọ̀ sí ọdẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó lè gba owó, jà ní May 2017, àtúnṣe tó dí ihò náà ti jáde láti March. Àwọn tí kò gbà á ló fara gbá jù.

Ní ti ìwé títẹ̀, fláàṣì kò pọn dandan. PDF tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù lórí WhatsApp tàbí ímeèlì kì í bá fáírọ́ọ̀sì padà wálé. Tó bá di dandan pé kí fláàṣì lọ, kí ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ nìkan wà nínú rẹ̀. Tó bá dé, kí wọ́n fi bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n mú Scan with Microsoft Defender, kí wọ́n tó ṣí i.